Abẹ́rẹ́ Tó Dúró Sójú Márùn-ún

Abẹ́rẹ́ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná gòkè, ó dúró sójú márùn-ún, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́, bí arúgbó tó ti rí àga jókòó sí.

"Márùn-ún ni wọ́n kọ sára àpótí," Ínspẹ́kítọ̀ Mamman wí. Ó fi ìka kan bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. "Márùn-ún náà ni mítà sọ. Àpótí ò purọ́ nìyẹn. Ó wá ku èèyàn. Sájẹ́ǹtì, ta ló purọ́?"

Obìnrin tó ń bi ni Sájẹ́ǹtì Lísì Ọ̀ṣúnṣínà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní Sokoto, ó gbọ́ Hausa débi pé ó ń fi í bú èèyàn lójú àlá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, ẹnu rẹ̀ tó máa ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́kọ́ máa ń dákẹ́, ojú ni yóò máa fi ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀hún wà lára ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú wọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, tí ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀ sí méjì.

Ọpẹ́láyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Rédíò ló ń tún ṣe ní Tudun Wada, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpótí tó wà lórí tábìlì náà. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ, ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta, òun ló ń pàṣẹ fún iná tó ń mú ibùsùn onígíláàsì kan gbóná ní ilé ìgbẹ̀bí Rahama ní Mabera, ibùsùn tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé sí. Lánàá, Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n bá ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí lóṣù méje nínú ibùsùn náà, ọmọ ọjọ́ mẹ́fà. Ara rẹ̀ pọ́n bí ata, ó gbóná bí ìkòkò, kò sunkún mọ́. Nọ́ọ̀sì já a gbà lọ́wọ́ ikú, ni wọ́n bá gbé àpótí wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì mú ẹni tó ṣe é.

Láti àná ni ìyá ọmọ náà ti tẹ́ ẹ sí àyà lásán, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bo àwọn méjèèjì. Àyà ìyá dára. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ Sokoto kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ tí kò wúwo ju lófù búrẹ́dì kan lọ. Ọsibítù ìjọba ti kún, ọmọ méjì-méjì ni wọ́n ń tẹ́ sínú ibùsùn kan. Dókítà ti wá mọ́tò sílẹ̀: bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán lónìí, wọ́n ń gbé ọmọ lọ sí Zaria. Wákàtí méje nínú eruku àti òtútù. Dókítà ò sọ pé ọmọ náà ò ní débẹ̀. Ó kàn ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ ṣáá ni.

"Bí a bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpótí kí wọ́n tó kírun tán," Lísì wí, "ọmọ á padà sínú ibùsùn, kò ní lọ síbì kankan. Bí a ò bá mọ̀, ta ló máa tún gbé e síbẹ̀? Ọpẹ́, ṣàlàyé àpótí yìí fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ìyá rẹ. Má fi òyìnbó pa mí."

Ọpẹ́láyọ̀ gbójú sókè. "Àǹtí, ẹ mọ àwọn tó ń ru garawa omi kiri?"

"Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti da omi sí mi lára rí."

"Ẹ ní ìkòkò kan tó ní ihò tíńtín nídìí. Ẹ ń da omi sí i lókè. Ẹ dà á, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dà á, ẹ dáwọ́ dúró, kíákíá. Báwo lomi á ṣe máa jáde nísàlẹ̀?"

"Á máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń dáwọ́ dúró lókè."

"Ohun tí àpótí mi ń ṣe nìyẹn. Iná fóltì mẹ́wàá ni mo ń tàn tí mo ń pa, ìgbà ọ̀ọ́dúnrún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àsìkò tó fi tàn bá bá àsìkò tó fi kú dọ́gba, fóltì márùn-ún ló ń jáde nídìí ìkòkò. Bí mo bá ń fẹ́ mẹ́fà, n ò fọwọ́ kan iná rárá, mo kàn ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kú ni. Fóltì tó bá jáde ni àṣẹ. Ó ń sọ fún ibùsùn pé, báyìí ni kí ooru mọ. Ibùsùn á wá fi ara ọmọ wé àṣẹ. Bí ara ọmọ bá tutù jù, á tan iná. Bó bá gbóná tó, á pa á."

"Kí ló dé tí o ò kàn fi bọ́tìnnì oníyípo sí i bíi ti rédíò, kí oníkálukú yí i síbi tó fẹ́?"

"Ní Sokoto yìí?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Iyanrìn á wọ̀ ọ́, Àǹtí. Ooru á fẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, òtútù á sún un kì láàárọ̀. Márùn-ún tí ẹ yàn lánàá á di mẹ́rin lónìí. Àkókò ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta kékeré kan bíi ti aago ọwọ́ tuntun ló ń ka àkókò nínú rẹ̀. Kò mọ oòrùn, kò mọ ọyẹ́. Bọ́tìnnì tó wà níwájú yẹn, iye lásán ló ń yàn."

Ojú rẹ̀ ti tàn bó ti ń sọ̀rọ̀, bí ojú ẹni tó ń ròyìn ọmọ rẹ̀ tó gba ipò kìíní nílé ìwé. Lísì rí i. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan tó báyìí, kò jọ ẹni tó ṣe é ní ìlàjì.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i," Ọpẹ́láyọ̀ bẹ Mamman ní Hausa. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Haba. Ẹ̀rí ni. Ẹnikẹ́ni ò ní ṣí i títí ògbógi fi máa dé láti Kaduna lọ́jọ́ Ajé."

"Kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ńkọ́?"

Lísì kò dúró kí ọ̀gá rẹ̀ dáhùn, ó yí àpótí náà padà. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti síkírù mẹ́rin lọ. Ọpẹ́láyọ̀ tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ojú rẹ̀ tó ń tàn láti ẹ̀ẹ̀kan kú bí àtùpà tí wọ́n fẹ́. Ó padà jókòó.

"Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, Àǹtí," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni. Iṣẹ́ mi ni ò dára."

"To, ó dáa," Mamman wí, ó fa bébà sọ́dọ̀. "Ọ̀rọ̀ parí."

"Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀gá." Lísì ti dé fìlà rẹ̀. "Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun ṣí àpótí, ẹ̀yìn àpótí ló wò tó fi jẹ́wọ́. Kí ló wà níbẹ̀ tí èmi ò rí?"

Ó tún wo àwọn síkírù náà kó tó jáde. Ojú ihò tí wọ́n ń ki irin bọ̀ láti yí wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà ṣánṣán sókè, bí ọmọ ogun tó tò síwájú gómìnà.

*

Yàrá ibùsùn onígíláàsì ní ilé ìgbẹ̀bí Rahama ò ju yàrá ọmọ ilé ìwé lọ. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Bísọ́lá, ìyá ọmọ, fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní, ọmọ náà wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Aránṣọ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, kò tíì mọ̀ pé ìyàwó òun ti bímọ. Ojú rẹ̀ pọ́n koko.

"Ẹ jókòó tì mí, Àǹtí," ó wí. "N ò lè nàró kí yín. Bí mo bá mira báyìí, ọyẹ́ á wọlé."

"O ò sùn lánàá?"

"Bí mo bá sùn, ọwọ́ mi á tú."

Lísì kúnlẹ̀, ó sún etí bùláńkẹ́ẹ̀tì kan kì. Ó rí irun tíntìntín kan àti etí kan tó fẹ́lẹ́ bí ewé tuntun. Ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi apá yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ nu imú, ó ní eruku ni.

Nọ́ọ̀sì Hadiza dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ká apá mọ́ àyà. Òun ni àwọn èèyàn ti ń fẹ̀sùn kàn láti àárọ̀. Bí àpótí ò bá purọ́, òun ló yí bọ́tìnnì.

"Sannu, Hadiza. O yí bọ́tìnnì?"

"N ò yí i. Ẹ gbé Kùránì fún mi, màá búra."

"N ò wá fún ìbúra. Ta ló tún ń wọ yàrá yìí?"

Kí Hadiza tó dáhùn, obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ju àkísà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Indo lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ilé. "Èmi ni," ó wí láàárín ẹkún. "Mo nu àpótí ní Ọjọ́rú. Bọ́tìnnì yí mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dá a padà, wallahi mo dá a padà."

"Dákẹ́ ná. Jókòó." Lísì di apá rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Ẹ gbàgbé bọ́tìnnì. Kí ló yí padà nínú yàrá yìí lọ́sẹ̀ yìí? Òórùn, ìró, ohunkóhun. Kódà bó jẹ́ pé yànmùyánmú kan ló kú."

Hadiza ronú. "Rédíò mi," ó wí níkẹyìn. "Nǹkan yẹpẹrẹ ni. Ó wà lójú fèrèsé yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ríríríríríí, n ò gbọ́ ìròyìn mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́."

"Tàn án kí n gbọ́."

Wọ́n wọlé, Hadiza tàn án. Ohùn ọkùnrin kan ń ka ìròyìn ní Hausa, ó mọ́ lóló bí omi àmù. Hadiza fúnra rẹ̀ wo rédíò náà tìyanu-tìyanu. "Ó ti mọ́," ó wí.

"Ìgbà wo lo tàn án kẹ́yìn?"

"Àná. Kí wọ́n tó gbé àpótí lọ."

Lísì dúró ṣinṣin. Rédíò kì í kùn bí ẹnikẹ́ni ò bá pariwo sí i létí. Ẹni tó ń pariwo ọ̀hún ti wà nínú yàrá yìí fún oṣù mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, ó la ẹnu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọlọ́pàá sì gbé e lọ lánàá. Àpótí ni.

"Indo, nu ojú rẹ," ó wí. "Ọjọ́rú ni ìwọ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ti bà jẹ́. O ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Hadiza, ìwọ náà. Ẹni bá yí bọ́tìnnì ò lè mú rédíò kùn. Ta ló wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Kò sí àlejò."

"Kì í ṣe àlejò ni mo bi ọ́. Ta ló wá?"

"Bàbá Ọlátẹ́jú nìkan. Wọ́n wá tún sitebuláísà fíríìjì ṣe." Ó na ọwọ́ sí ìgun yàrá, níbi tí fíríìjì funfun kan wà. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń mú iná rẹ̀ dúró sójú kan wà. "Oògùn àjẹsára àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ yẹn fi ń ṣe ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà, iná ń já, iná ń wá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti dákẹ́."

Lísì yí ojú padà sí i díẹ̀díẹ̀. "Ariwo kan dákẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá nìkan ló wà níbí?"

"Mo lọ wẹ ọmọ kan. Wọ́n ní àwọn á pa iná yàrá díẹ̀, mo gbé ọmọ Bísọ́lá fún ìyá rẹ̀ kó gbé e mọ́ra títí wọ́n fi ṣe tán. Bàbá dáadáa ni, Sájẹ́ǹtì. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọ̀gá Ọpẹ́láyọ̀ ni, àwọn ló kọ́ ọ níṣẹ́."

Lísì ti dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn sitebuláísà. Síkírù mẹ́rin. Ojú ihò gbogbo wọn nà ṣánṣán sókè.

*

Lórí Vẹ́sípà rẹ̀, láti Mabera dé Tudun Wada, ìkòkò oníhò náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò kúrò ńkọ́? Omi garawa á máa já lu orí ẹni tó wà nísàlẹ̀, gbàà, á dáwọ́ dúró, gbàà, á dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí mítà rí i. Kí ló dé tí mítà fi sọ márùn-ún? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta tó ru igi ìdáná dá a dúró lójú ọ̀nà, ó bú wọn, wọn ò yà fún un.

Bàbá Ọlátẹ́jú ń yọ́ òjé lórí rédíò kan nígbà tó wọlé. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, súwẹ́tà méjì ló wọ̀ lé ara wọn. Ogójì ọdún ló ti fi tún rédíò ṣe ní Sokoto, láti ayé rédíò onígílóòbù. Àwọn rédíò kún pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sóde. Lísì kí i, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ sì ń ka síkírù. Ṣánṣán. Ṣánṣán. Ṣánṣán.

"Bàbá, kí ló dé tí ojú gbogbo síkírù yín fi kọjú sókè?"

Inú arúgbó dùn. "O rí i? Ẹni tó bá fi ojú síkírù sílẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, wọ́gọwọ̀gọ náà ni inú iṣẹ́ rẹ̀ á rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ ọ́ fún Ọpẹ́. Ọpọlọ pọ̀ lórí ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n síkírù rẹ̀ dà bí eyín ewúrẹ́." Ó gbé irin rẹ̀ sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ mú un. Mo fẹ́ wá lẹ́yìn ìrun. Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà láyé. Bàbá, ẹ yá mi ní mítà yín, àti bátìrì kan, àti fáìlì tí ẹ fi ń pọ́n irin yẹn."

Arúgbó kó wọn fún un, kò lóye. Lísì so ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ wáyà méjì mítà mọ́ bátìrì, ó so ìdí bátìrì mọ́ fáìlì. "Fóltì mélòó ni bátìrì yìí?"

"Mẹ́sàn-án."

Ó fi ẹsẹ̀ kejì mítà kan fáìlì. Abẹ́rẹ́ gòkè sí mẹ́sàn-án. Ó wá ń fà á lórí eyín fáìlì náà, gíríríríríì, ó ń fò láti eyín dé eyín, ó ń kàn án, ó ń kúrò. Abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ̀n.

"Kí ni mítà sọ, Bàbá?"

"Mẹ́rin ó lé díẹ̀."

"Ìgbà wo ni bátìrì yìí mú mẹ́rin jáde? Mẹ́sàn-án ló ń mú wá, tàbí kó má mú nǹkan kan wá. Abẹ́rẹ́ yín wúwo. Kò lè bá a sáré. Àárín ló dúró sí, bí àgbà tó ń parí ìjà ọmọdé, tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ lu ẹnì kejì." Ó gbé wáyà sílẹ̀. "Kí lẹ yọ nínú àpótí Ọpẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ọwọ́ arúgbó bọ́ sórí itan rẹ̀.

"Kapasítọ̀ kan," ó wí. "Ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀ ni, kò ju àtàǹpàkò lọ. Irú rẹ̀ ló kú nínú sitebuláísà, ó sì ti tán ní Sokoto látọdún tó kọjá, mo ránṣẹ́ dé Kano. Àwọn rédíò tó wà níbí, ti oníbàárà ni. Oògùn àwọn ọmọ ń bà jẹ́ lọ nínú fíríìjì. Mo ní kí n wo inú àpótí Ọpẹ́ bóyá èyí tó ń jókòó lásán wà níbẹ̀. Mo yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, mo wo mítà. Abẹ́rẹ́ ò mira. Mo yọ ọ́ tán, abẹ́rẹ́ ò mira. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ohun tí a bá yọ tí abẹ́rẹ́ ò bá mọ̀, àlejò ni nínú àpótí."

"Òun ni ìkòkò, Bàbá."

"Ìkòkò wo?"

Lísì sọ ọ́ fún un bí Ọpẹ́láyọ̀ ti sọ ọ́: garawa, dídà, ìdáwọ́dúró, ihò. Arúgbó fi ojú tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó débi tí omi ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di ojú.

"Kí ló dé tí ẹ ò bi í kí ẹ tó yọ ọ́?"

"Bi Ọpẹ́? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin mú?"

"Òun náà ò sì sọ fún yín bí àpótí ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọ̀gá ni?" Ó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ó ti jẹ́wọ́," Lísì wí jẹ́jẹ́. "Ó rí ojú síkírù, ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni."

Bàbá Ọlátẹ́jú dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò rí i, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo fún un ní fírídọ̀ọ̀mù," ó wí, "ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní tú àṣírí mi láéláé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin la ń sọ." Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yìn alùpùpù yẹn á gbé mi?"

*

Mamman ti ń ṣe àlùwàlá nígbà tí wọ́n dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ògbógi Kaduna ńkọ́?"

"Ọ̀gá, bí a bá dúró de Kaduna, ọmọ ti wà lójú ọ̀nà Zaria."

Ó wo arúgbó, ó wo Lísì. Ọmọ márùn-ún ló ní, èyí tó kéré jù ò tíì rìn. Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Ọpẹ́láyọ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ gbé e lọ sí Mabera. Bàbá, ẹ wá lọ́la, ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ̀rọ̀ yín kí n kọ ọ́. Ẹ máa lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Nínú Land Rover ọlọ́pàá, Ọpẹ́láyọ̀ ò wo Lísì. "Kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

"Dúró, bú mi lẹ́yìn tí ara ọmọ bá ti móoru."

"Ta ló ní kí o ru ẹrù mi?" ni arúgbó wí láti ẹ̀yìn. "Mo bí ọ ni? Ìyá rẹ wà ní Ìrẹsì tó ń retí rẹ, o fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n nítorí síkírù."

Ọpẹ́láyọ̀ tẹrí ba.

Ní ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n tan àpótí bó ṣe wà, ní ẹ̀gbẹ́ rédíò Hadiza. Ó kùn, ríríríríríí. Mítà sọ márùn-ún. Arúgbó yọ kapasítọ̀ kúrò nínú sitebuláísà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò fún Ọpẹ́láyọ̀.

"Èmi ni mo yọ ọ́, èmi ni màá dá a padà," ó wí. Ó mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ inú àpótí, ó sì dúró. Wáyà ibẹ̀ ò jọ ti ayé rẹ̀. Ó gbé ojú sókè sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo ló ń lọ síbo? Kọ́ mi."

Ọpẹ́láyọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó wá fi ìka hàn án. "Èyí tó gùn, síbí, Bàbá. Ẹ pa iná ná. Ẹ rọra."

Èéfín òjé gòkè. Wọ́n tún tan àpótí. Mítà sọ márùn-ún, bó ti ń sọ ọ́ látàárọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn akàròyìn jáde láti inú rédíò, ó mọ́ kedere, ó ń sọ nípa àlùbọ́sà.

"Bí ìkòkò, ìyẹn kapasítọ̀ yìí, ò ti sí níbẹ̀," Ọpẹ́láyọ̀ wí fún dókítà, "ibùsùn ò gbọ́ ti ara ọmọ mọ́. Bí fóltì mẹ́wàá bá ti dé, á tan iná. Bí òdo bá dé, á pa á. Ìdajì iná ló ń jó ṣáá, ì báà jẹ́ òtútù, ì báà jẹ́ ooru. Ọjọ́rú, eruku bo oòrùn, kò hàn. Àná, oòrùn ta sórí páànù."

Dókítà ò gba ẹnu gbọ́. Ó fi ìwọ̀n-ooru sínú ibùsùn òfìfo, ó ṣí fèrèsé ibùsùn sílẹ̀ kí ọyẹ́ wọlé. Gílóòbù tó ń sọ pé iná ń jó tàn yòò. Ó ti fèrèsé pa, gílóòbù kú díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ojú ìwọ̀n-ooru dúró síbi kan. Ní ìgun yàrá, sitebuláísà ti tún bẹ̀rẹ̀ ṣàkà-ṣàkà.

Hadiza wò ó. Ó pa rédíò rẹ̀, ó gbé e fún arúgbó. "Ṣé irú kapasítọ̀ yẹn wà nínú èyí?"

"Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mo ti gbọ́ ìròyìn tó."

Níta, àwọn èèyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, aṣọ funfun kún ojú ọ̀nà. Mọ́tò Zaria ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà yí sí Bísọ́lá, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Bísọ́lá ò gbé ọmọ sílẹ̀. Ó ń wo àpótí náà. "Ta ló ṣe é?" ó bi wọ́n.

"Èmi ni, ìyá ọmọ," Ọpẹ́láyọ̀ wí.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," Bàbá Ọlátẹ́jú wí.

Ó wo àwọn méjèèjì. "Ẹ jókòó síbí, nígbà náà," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ọ̀gá lápá kan, ọmọ iṣẹ́ lápá kejì. Ó wá gbé ọmọ fún dókítà.

Lísì jáde lọ bá awakọ̀. "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Kò séèyàn." Nígbà tó padà wọlé, wọ́n ti tẹ́ ọmọ sínú ibùsùn. Ọmọ náà ń mí nínú gíláàsì, ìkúùkù rẹ̀ kò ju èso iyeyè lọ. Bísọ́lá ti sùn níbi tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì ká mọ́ àyà tó ṣófo, wọn ò tíì tú.